Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé a lè pààrọ̀ tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì Camry àtijọ́ nínú ọgbà ilé?

Olùbéèrè, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Toyota Camry ọdún 1998 ni mò ń lò, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.2 oníṣíńdà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 5S-FE. Láti ìgbà tí ó ti hó mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti ń mu omi: bí mo bá bu omi kún rédíétọ̀ láàárọ̀, yóò ti lọ sílẹ̀ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ibi tí ó ti ń jò. Èéfín funfun náà a sì máa tú jáde ní sàléńsà. Mẹkáníìkì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì), ti jó, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí ó dá lé mi ju agbára mi lọ. Àbúrò mi tí ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fúngbà díẹ̀ gbà pé àwa méjèèjì lè ṣe é nílé. Ṣé kí a dáwọ́ lé e? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé a kò nílò tàmósítáàtì (ohun kékeré tí ó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń tì í) ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nítorí wọ́n ti yọ ti ọkọ̀ yìí sọnù kí n tó rà á.

Bàbá Mẹkáníìkì, Tákìé

Ọmọ mi, ẹ kú wàhálà ọkọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, nítorí mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú lásán, nígbà tí ó jẹ́ pé wọ́tà pọ́ǹpù ni ó ń jò sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná, tí omi náà sì ń gbẹ kí ó tó kán sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, kí ẹnì kan ta ọkọ̀, kí ẹnì kejì sì tẹjú mọ́ omi náà. Bí ó bá ń yọ ìfófòó bí ẹ̀kọ tí ó ń sè, láìjẹ́ pé ó tíì gbóná, afẹ́fẹ́ inú ṣíńdà ni ó ń wọ inú omi. Ẹ fa irin tí a fi ń wo ọ́ìlì jáde pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì bá ti ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti funfun, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn, ẹ má sì tún ta ọkọ̀ náà mọ́ rárá, nítorí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo bíárìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹyọ kan bá mọ́ tónítóní láàárín àwọn tí ó dúdú, inú ṣíńdà rẹ̀ ni omi sábà máa ń wọ̀.

Ní ti tàmósítáàtì, ohun tí wọ́n sọ fún yín kò tọ̀nà. Nǹkan bíi 82°C ni ti ọkọ̀ yín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, òun ni ó sì ń mú kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa tutù jù lójú ọ̀nà tí ó já geere, yóò sì máa jẹ epo, síbẹ̀ kò ní ṣàìhó bí rédíétọ̀ bá ti dí. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé jó. Bí ẹ kò bá wádìí ohun tí ó mú ọkọ̀ náà hó, ìbáà jẹ́ fáànù tí kò yí, ìdérí rédíétọ̀ tí kò dé dáadáa, tàbí ìpẹtà omi kànga tí ó ti dí ojú ihò rédíétọ̀, tuntun tí ẹ bá fi sí i yóò tún jó.

Tọ́nà, Òkè Adó

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ fi ṣeré. Álúmíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yín, ooru sì máa ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé irin tí ó tọ́ gbọnrangandan lé ojú rẹ̀, ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí ẹ wá fi fílà géèjì (àwọn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) wò ó lábẹ́. Bí abẹ tí ó nípọn ju 0.05 mm lọ bá lè wọlé níbikíbi, ó ti tẹ̀ kọjá ohun tí Toyota gbà láàyè, ẹ̀rọ tọ́nà (oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń gé irin) ni ó sì lè tún ojú rẹ̀ ṣe. Kí tọ́nà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá ó ti là, pàápàá láàárín ibi tí fáàfù ń jókòó sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin lọ ojú rẹ̀ nílé. Gọ́ọ̀mù tí àwọn kan máa ń fi pa gásíkẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì kò sì wúlò: gbígbẹ ni a ń fi í sí i.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin bàbá mi. A ti ṣe àyẹ̀wò náà, omi ń yọ ìfófòó, plọ́ọ̀gì kejì sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò tíì funfun. Fáànù kò yí rárá títí ọkọ̀ fi gbóná. Ó jọ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe dè é padà?

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò, Ọ̀yọ́

Àbúrò, bí ẹ kò bá rí sípánà tọ́ọ̀kì (èyí tí ó ń wọn agbára tí a fi ń de bóòtù) yá tàbí rà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi agbára apá wọn bóòtù orí ẹ́ńjìnnì. Mẹ́wàá ni wọ́n. Láti òpin méjèèjì bọ̀ sí àárín ni a ti ń tú wọn, díẹ̀díẹ̀. Láti àárín lọ sí òpin ni a sì ti ń dè wọ́n. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ẹsẹ̀ bóòtù, ẹ dè wọ́n ní ìpele títí tí gbogbo wọn yóò fi dé 49 Nm, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ọ̀dà sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún yí i síwájú ní 90 dígírì. Bóòtù tí ó bá ti fà, tí ó sì tín-ín-rín níbì kan, kí ẹ ra tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó dè wọ́n, ẹ nu inú ihò wọn kí ó gbẹ, torí bí omi tàbí ọ́ìlì bá kún ihò náà, bóòtù tí ó ń wọlé lè fi agbára rẹ̀ la búlọ́ọ̀kù.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán táímìn bẹ́ẹ̀tì (bẹ́ẹ̀tì tí ó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò), kí ẹ sì sàmì sí i kí ẹ tó tú u. Ẹ́ńjìnnì yín kì í jẹ́ kí fáàfù kan písítìnì bí bẹ́ẹ̀tì bá kúrò lójú àmì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò ṣú, nítorí bí omi bá kán sínú ṣíńdà, ìpẹtà kì í pẹ́ mú un. Bí ó bá di dandan kí ó sùn ní títú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó ní ọ́ìlì díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo orí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Sabó

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń da kùláǹtì (omi ìtútù ẹ́ńjìnnì) àtijọ́ nù, ẹ má dà á sílẹ̀ nínú ọgbà. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́, ajá, àti ọmọ kékeré lè lá a. Inú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí ni kí ẹ gbà á sí, kí ẹ gbé e kúrò ní àrọ́wọ́tó àwọn ọmọ.

Bàbá Mẹkáníìkì, Tákìé

Ó kù díẹ̀. Ẹ tún fáànù ṣe ná kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wo fíúsì àti wáyà rẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ da kùláǹtì àti omi mímọ́ pọ̀ ní ìlàjì-ìlàjì, ẹ fi tàmósítáàtì tuntun sí i, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró níbi tí ó wà, kí ó ṣiṣẹ́ títí fáànù yóò fi yí fúnra rẹ̀ kí ó sì tún dúró, kí ẹ tó gbé e dé Tákìé wá fún mi láti gbọ́ ìró rẹ̀.