Ta ló ń lo bátìrì ọkọ̀ fún ínfátà l'Àkúrẹ́? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì Ọbá-Ilé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bátìrì ọkọ̀ 75Ah kan wà nílé wa, a ti ta ọkọ̀ tó ni ín. Ọkọ mi fẹ́ ra ínfátà kékeré so mọ́ ọn, ká lè rí fáànù kan àti gílóòbù méjì lò lálẹ́ fún àwọn ọmọ. Ta ló ti ṣe é rí? Ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Onígbàjámọ̀ Ìsìnkàn: Èmi ń lò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ń gbè mí. Kílípà méjì, gílóòbù, fáànù kékeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni mo ti pa jẹnẹrétọ̀ tì. N kì í jẹ́ kí bátìrì náà rẹ̀ jù. Bí mítà bá ti fi 12.2V hàn, mo pa á nìyẹn, kódà kí oníbàárà wà lórí àga.

Ọmọ Ìdànrè: Kí o fá apá kan orí èèyàn, kí o ní bátìrì ti rẹ̀? 😂

Onígbàjámọ̀ Ìsìnkàn: Kílípà tó ń gba iná pamọ́ wà nílẹ̀ fún ìyẹn. Wá gẹrun wò.

Rewaya Ìjọ̀kà: Ẹ jẹ́ kí n là á yé Ìyá Ìbejì. Bátìrì ọkọ̀, torí kó lè jí ẹ́ńjìnì ni wọ́n ṣe ṣe é. Á tú agbára ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ á sì máa kún un padà bó ṣe ń lọ. Àwọn òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì pọ̀. Ti ínfátà gan-an, òjé tirẹ̀ nípọn, ó lè fara da kí wọ́n máa fà á jìnnà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń fa ti ọkọ̀ gbẹ, òjé yẹn á máa bó wálẹ̀, nǹkan funfun á bò ó, kò ní lè gba iná sára mọ́. 75Ah lọ́nà 12V, 900 watt-hour nìyẹn, ìyẹn gbogbo iná tó lè gbà pamọ́ bó bá kún. Ìdajì ni kí ẹ fọkàn sí, ínfátà náà á sì jẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Fáànù 60W pẹ̀lú gílóòbù 10W méjì, ẹ lè rí bíi wákàtí mẹ́rin, bí bátìrì náà bá ṣì lágbára.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Wákàtí mẹ́rin kẹ̀! Àbúrò mi so bátìrì tírélà méjì mọ́ fíríìsà ẹja, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ínfátà fi ń ké píì-píì-píì. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ìkejì ti pẹ́.

Rewaya Ìjọ̀kà: Èyí tó pẹ́ yẹn ló ń fa tuntun wálẹ̀, Màmá. A kì í da ọmọdé pọ̀ mọ́ arúgbó níbẹ̀: ọjọ́ orí kan náà, irú kan náà. Fíríìsà ńkọ́? Nígbà tó bá fẹ́ gbéra, iná tó ń fà ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Dírébà Ọ̀rẹ̀: Bátìrì tírélà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti mọ́tò o. 200Ah ni!

Rewaya Ìjọ̀kà: Ó tóbi lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán an.

Nọ́ọ̀sì Òkè Àró: Ẹ̀yin èèyàn mi, níbo lẹ ń gbé e sí? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń sùn ni aládùúgbò wa gbé tirẹ̀ sí, fèrèsé tì. Ó ń gba iná lọ́wọ́ nígbà tí ọmọkùnrin ilé fi sípánà mú orí rẹ̀ le. Sípánà kan irin kejì, iná ṣẹ́, bátìrì bú gbàmù, áàsìdì sì ta sí i lójú. Omi la ń dà sí i lójú ṣáá títí wọ́n fi rí ọkọ̀ gbé e. Ojú náà kò fọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Yéè! Ọmọ ọdún mélòó?

Ọmọ Ìdànrè: Bátìrì lásán ló bú báyẹn? Mi ò gbà. Ínfátà ló bú.

Nọ́ọ̀sì Òkè Àró: Ojú mi ló ṣe. Gáàsì haidirójìn ló ń jáde lára rẹ̀ bó bá ń gba iná, títáná kékeré ti tó o. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bí áàsìdì bá ta sójú, omi tó mọ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pupa sí i!

Tísà Fẹ̀yìntì: Ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ǹtì máa ń fa iná inú rẹ̀ gbẹ.

Rewaya Ìjọ̀kà: Ẹ forí jì mí, sà. Ayé àtijọ́ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń fi rọ́bà ṣe ara rẹ̀. Ike tòní yìí, sìmẹ́ǹtì ò rí i ṣe.

Tísà Fẹ̀yìntì: Orí pákó ni tèmi máa wà.

Rewaya Ìjọ̀kà: Pákó ò bà á jẹ́, sà.

Dírébà Ọ̀rẹ̀: Wáyà ńkọ́? 1000W lórí 12V ń fa ju 80 amp lọ. Wáyà tín-ín-rín á yọ́. Kí fíúsì sì wà lẹ́bàá bátìrì.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ ra bátìrì lithium kẹ́ ẹ sinmi.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Bá wa san án.

Ìyá Ìbejì Ọbá-Ilé: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi fi mítà wọn tiwa báyìí, 10.4V ni. Láti ọdún tó kọjá la ò ti fọwọ́ kàn án.

Rewaya Ìjọ̀kà: Àá, Màmá. Ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má ra ínfátà tìtorí rẹ̀.

Dírébà Ọ̀rẹ̀: Oníṣájà lè jí i o! Kó da áàsìdì tuntun sí i.

Rewaya Ìjọ̀kà: Omi ló ń gbẹ nínú bátìrì, áàsìdì ò lọ síbì kan. Ẹni tó bá ń da áàsìdì kún un ń jẹ òjé rẹ̀ run ni. Wọ́n lè fi iná díẹ̀díẹ̀ sí i mọ́jú. Bí ó bá tún já wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì kíkú.

Onígbàjámọ̀ Ìsìnkàn: Kí wọ́n bèèrè iye lọ́wọ́ ẹni bíi méjì kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ fún wọn. Òjé inú rẹ̀ lówó lórí.