Àwa tí a jókòó tí a ń wò: ẹ wá sọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì yín ṣe nígbà tí wọ́n gbé ìtàn kalẹ̀

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìwé tí a ń kà ní kíláàsì lítíréṣọ̀ wa ní sáà yìí ni The Thing Around Your Neck, àkójọpọ̀ ìtàn kúkúrú tí Chimamanda Ngozi Adichie, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde lọ́dún 2009. Ìtàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ wa pín wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìtàn kan, wọ́n sì ní ká gbé e kalẹ̀ bó bá ṣe wù wá: eré, orin, àwòrán, lẹ́tà, ohunkóhun. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró síwájú kó máa to ìtàn náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí gbogbo wa la ti kà á.

Àwọn tó ṣe eré ni gbogbo èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọ̀rọ̀ àwa tí a jókòó ni mo fẹ́ ká sọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni mo ti rí bí ìtàn ṣe ń wọ èèyàn lára.

A Private Experience ni ọ̀wọ́ kan mú. Ìtàn obìnrin méjì ni. Rògbòdìyàn lé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan ní Kánò: Chika, ọmọ Igbo, Kristẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, àti ìyá Hausa kan, Mùsùlùmí, tó ń ta àlùbọ́sà. Àwọn akẹgbẹ́ wa gbé àga méjì sáàárín, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n pa iná. Ẹnì kẹta dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìwé lọ́wọ́. Bí àwọn méjì yẹn bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹni ẹnu ọ̀nà á ka gbólóhùn kan nípa ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ náà ni Adichie ṣe kọ ọ́. Òǹkàwé ti ń mọ ohun tó wà níwájú nígbà tí Chika ṣì ń retí pé òun á rí Nnedi, ọmọ ìyá òun, tí wọ́n jọ lọ sọ́jà.

Ó kà á dé ibi tí àwọn ará ilé Chika yóò ti máa bẹ Máàsì léraléra pé kí wọ́n rí Nnedi láyọ̀, tí wọn ò sì ní bẹ ẹ́ láéláé fún ìsinmi ọkàn rẹ̀. Lórí àga, Chika ń bá ìyá Hausa náà sọ̀rọ̀ ọyàn tó ń dun ìyá náà, ó ń ṣàlàyé ohun tó lè fi pa á. Ni ọmọkùnrin kan bá ké láti ẹ̀yìn: "Ẹ sọ fún un kẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n parí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó ń kàwé lẹ́nu ọ̀nà ti ba ìtàn jẹ́, pé ó tú ohun tó yẹ kó wà ní ìkọ̀kọ̀ títí di ìparí. Àwọn kan ṣí ìwé. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ba ìtàn jẹ́ ló wá ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọjọ́ iwájú ti yọjú lójú ewé lójú ewé, ó ń sọ pé òun ti fò ó kọjá nígbà tí òun ń kà á nílé. Àkókò tó, olùkọ́ ní ká máa lọ, a ò lọ.

Tiwa nìyẹn. Kí ni ti ọ̀dọ̀ yín?

Ẹnì kan láti ọ̀wọ́ Cell One

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ̀rín ni tiwa.

Nínú Cell One, àbúrò obìnrin ló ń sọ ìtàn Nnamabia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọ̀gbà yunifásítì ní Nsukka tí ọlọ́pàá kó nítorí ẹgbẹ́ òkùnkùn. A ní kí ẹni tó ṣe Nnamabia kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì, kí àbúrò nìkan máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ká owó kó tó gbé e pa mọ́ sínú ara wọ inú àhámọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Wọ́n ń lu tábìlì. A jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan bàbá àgbàlagbà tí wọ́n tì mọ́lé nítorí pé wọn ò rí ọmọ rẹ̀ mú. Bàbá yìí ò ní kọ́bọ̀ tí yóò fi ra omi. Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́, ó dúró, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Láti iwájú ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí a fi ń gbọ́ ìró fáànù.

Àwọn kan sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kíláàsì ò ka bàbá yẹn sí. N ò gbà. Bí ìtàn náà ṣe rí gan-an nìyẹn: a gbádùn ẹnu dídùn Nnamabia pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn náà la tó rí ohun tó sọ ọ́ di ẹlòmíì. Kíláàsì tí kò bá rẹ́rìn-ín níbi àkọ́kọ́ kò ní mọ bí ibi kejì ṣe wúwo tó.

Ọmọ kíláàsì tó jókòó síwájú

Èmi ò gbé nǹkan kan kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo jókòó ni. Ìtàn tí wọ́n fi sọ ìwé náà lórúkọ ni wọ́n ṣe, ti Akunna tó rí físà Amẹ́ríkà gbà. Ẹ rántí pé "ìwọ" ni wọ́n fi ń pe Akunna nínú ìtàn yẹn láti òkè délẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń kà á rìn káàkiri àárín wa, gbogbo ibi tí "ìwọ" bá ti jáde, ẹnì kan ló máa ń wò lójú. Ẹnì kejì rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ń pín bébà funfun tí wọ́n ká dáadáa fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

A tú bébà náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo yí tèmi padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè sókè pé, "Lẹ́tà wá dà?" Orí mi wú. Oṣooṣù ni Akunna ń fi bébà funfun wé owó ránṣẹ́ sílé láìkọ lẹ́tà kankan sí i, ọ̀rẹ́ mi sì ti béèrè ohun tí àwọn tó wà nílé ìbá béèrè.

Ọmọbìnrin kan bínú o. Ó ní kí wọ́n má fi ojú wo òun mọ́ bí wọ́n bá ń pe "ìwọ". Ọmọkùnrin náà tọrọ gáfárà, ó gbé ojú kúrò. Mo rò pé ohun tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé wọ́n gbà fún un láìní kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtàn lè ba ibi tó ń dun èèyàn.

Olùkọ́ kan

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ìhà tèmi. Fún ìgbà pípẹ́, "ẹ kú iṣẹ́, ó dùn gan-an" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ fún ara wọn, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́, tí gbogbo rẹ̀ á parí síbẹ̀. Ní báyìí, pélébé bébà ni mo máa ń pín. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n kọ: kí ló wà nínú ìtàn tí o kò rí nínú iṣẹ́ yìí?

Ọ̀wọ́ tó ṣe The Headstrong Historian ya igi ìran ńlá kan. Nwamgba wà nísàlẹ̀. Anikwenwa, ọmọ rẹ̀, wà lókè rẹ̀, wọ́n fi ìlà pa orúkọ náà rẹ́, wọ́n kọ Michael sí i, orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Lórí ẹ̀ka òkè pátápátá, wọ́n pa Grace rẹ́, wọ́n kọ Afamefuna, orúkọ tí ìyá ńlá sọ ọ́, tí òun fúnra rẹ̀ padà gbà nígbà tó dàgbà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, inú kíláàsì dùn sí i.

Nínú bébà tí mo gbà padà, ọ̀kan kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ dà?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló kọ ọ́. Ìtàn náà parí síbi tí Grace ti di ọwọ́ ìyá ńlá rẹ̀ mú, ọwọ́ tí iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti mú kó yi. Igi ìran kún fún orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ka bébà náà sókè, àwọn ọ̀wọ́ náà wo iṣẹ́ wọn títí. Ọ̀kan nínú wọn gbé kálà, ó lọ bá ọmọkùnrin yẹn, ó ní, "Wá yà á."

Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ ń dùn

Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ń tàn wá jẹ. Ọ̀wọ́ méjì ló mú The American Embassy ní kíláàsì tiwa, ìtàn ìyá kan tó lọ tọrọ físà Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Àwọn kan lo fídíò àti orin tó ń dún kíkankíkan, àtẹ́wọ́ bo gbogbo ilé. A bi wọ́n pé kí ló dé tí ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ fi kúrò níwájú ẹni tó ń bi í léèrè físà, wọn ò rí nǹkan kan sọ.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́jẹ́ ló ṣe èkejì. Ó gbé àga òfìfo kan sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà ló jókòó síbẹ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àga náà bí ẹni tó ń fúnni ní físà, títí tó fi béèrè ẹ̀rí pé ìjọba ló pa ọmọ náà. Ó dúró kí àwa dáhùn. A ò lè dáhùn. Àtẹ́wọ́ rẹ̀ ò ju wẹ́rẹ́ lọ, ó sì wo ara rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Mo lọ bá a lẹ́yìn kíláàsì láti sọ fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ máa lọ bá irú wọn.

Ẹnì kan láti ọ̀wọ́ Jumping Monkey Hill

Ìtàn tiwa gan-an dá lórí bí èèyàn ṣe ń fèsì sí ìtàn ẹlòmíì. Àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà péjọ nítòsí Cape Town, Ujunwa, ọ̀kan nínú wọn, sì kọ ìtàn ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí báńkì, tí Alhaji kan ní kó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lọ́nà tí kò tọ́, tó sì dìde tó jáde. Edward, àgbàlagbà Gẹ̀ẹ́sì tó kó wọn jọ, ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀.

A ò sọ fún kíláàsì pé ìtàn inú ìtàn ni. A kàn tún un sọ ní ẹnu tiwa, a ní kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fèsì! Ẹnì kan ní àsọdùn ni. Ẹlòmíì ní kò sí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tí yóò dìde bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin mélòó kan dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà la wá ṣí ìwé, a ka èsì Edward, a sì ka ibi tí Ujunwa ti sọ pé òun ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ariwo sọ. Ọmọkùnrin tó pè é ní àsọdùn ní a dẹ pàkúté fún òun. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ti dákẹ́ wá dìde, ó ní kò sí pàkúté kankan níbẹ̀, pé ìbéèrè lásán la bi í, òun ló sì yan ìdáhùn. Wọ́n ń bá a lọ títí dé ìta. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin náà kọ ojú ewé mẹ́ta wá fún olùkọ́ lórí ìtàn yẹn láìsí ẹni tó ní kó kọ ọ́.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ bébà pélébé olùkọ́ wa yìí sílẹ̀.

Tomorrow Is Too Far ló kan ọ̀wọ́ tiwa báyìí, ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé ọmọbìnrin inú rẹ̀ ló dẹ́rù ba Nonso, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí igi, tí ó fi ṣubú tó kú. Ẹ̀rù ń bà mí pé kíláàsì á ti dá a lẹ́bi kí a tó débi tí ìyá ńlá ti ń kọ́ Nonso ní bí wọ́n ṣe ń ká àgbọn, tó ní obìnrin kì í ká a. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ìtàn yìí kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ṣáájú, kí sì ni àwọn tó jókòó kọ́kọ́ sọ?