Abirùn, akàndá àti àìrọ́nàgbà: èwo ni ká fi sínú ìwé ìlera?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, nínú ìwé ìlera tí a ń tú sí Yorùbá, kí a máa pe gbogbo ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe déédéé ní “abirùn”, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, tọmọdé tàgbà sì mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá tó mú àbá náà wá, n kò lè fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. “Abi-” tó ṣíwájú rẹ̀ ni a rí nínú abìwo, abìrù àti abiyẹ́: ẹni tàbí ohun tó ní nǹkan kan lára. Abirùn, nígbà náà, ni ẹni tó ní àrùn lára, àrùn sì ni ohun tí à ń wá oògùn sí, tí à ń bẹ Ọlọ́run pé kó lọ. Aládùúgbò mi obìnrin kan wà tí rọpárọsẹ̀ mú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 3. Nígbà tí mo ka ìwé náà sí i létí, ó fi ọ̀pá méjì tó ń kì bọ abíyá rìn ti ògiri, ó jókòó, ó ní, “Èmi ò ṣàìsàn o. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi.” Àrùn náà ti lọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ohun tó fi sílẹ̀ ló kù. Bí a bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní abirùn, a ti fi í jókòó sẹ́nu ọ̀nà oníṣègùn títí láé, nígbà tí kì í ṣe oògùn ló ń wá.

Àwọn kan ti dáhùn pé kí a lo “akàndá ẹ̀dá”. Ọ̀rọ̀ tó ní ọ̀wọ̀ nínú ni, ó sì bá ìṣe àwọn baba wa mu, tí wọ́n ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá tí wárápá ń gbé ọmọ rẹ̀ ṣánlẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni wárápá ń bá jà láyé, àti pé tó 70 nínú 100 wọn ni gìrì náà lè dá lára wọn pátápátá bí wọ́n bá rí oògùn tó yẹ lò. Bí a bá wá sọ fún ìyá yìí pé akàndá ni ọmọ rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé oògùn wà?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ara tàbí ọpọlọ wọn kò ṣe déédéé, tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006, yà wọ́n: abala 9 ń sọ nípa ọ̀nà àtiwọlé àti àtigbọ́rọ̀, abala 25 ń sọ nípa ìlera. Fún ohun tí dókítà ń tọ́jú, mo fara mọ́ “àìlera”. Fún ohun tí àtẹ̀gùn, àìsí ògbufọ̀ fún adití, tàbí àìsí oògùn nítòsí ń fà bá ènìyàn, mo dá “àìrọ́nàgbà” lábàá, láti inú rí, ọ̀nà àti gbà, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá “àìríná-àìrílò”. Mo ti dán an wò lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan. Ọ̀kan rò pé ẹni tí gbèsè há mọ́ ni, nítorí náà yóò gba àlàyé díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ti ọpọlọ ló le jù. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì, kò ní lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè, nítorí ó mọ̀ pé òun kì í ṣe wèrè. Ní Jàpáànù, orúkọ tí wọ́n ń pe schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń da ìrònú ẹni rú, tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí àìsàn ọkàn tó pín sí méjì. Àwọn ẹbí aláìsàn ló bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n yí i padà, ní ọdún 2002 wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí pé ìrònú kò ṣọ̀kan mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, bíi 37 nínú 100 aláìsàn ni dókítà ń sọ orúkọ àìsàn wọn fún; láàárín ọdún 3, ó ti di bíi 70. Síbẹ̀ n kò ní tan ara wa: orúkọ nìkan kò tó. Ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sáàárín àwọn ará abúlé ní ọdún 1954, pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò kí ó tì wọ́n mọ́lé. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n lónìí, “Àrò” ti di èébú lẹ́nu wa. Nítorí náà, “àìlera ọpọlọ” tí mo fẹ́ kí a lò nílò olùtọ́jú nítòsí pẹ̀lú.

Mo ti tún ìbéèrè inú ìwé náà kọ sí méjì. Èkínní: “Ǹjẹ́ àìlera kan wà tí ẹ fẹ́ kí a tọ́jú?” Èkejì: “Kí ni kò jẹ́ kí ẹ rọ́nà gbà dé ọ̀dọ̀ wa?” Mo kà wọ́n fún aládùúgbò mi. Ó ní rárá sí èkínní. Sí èkejì, ó ní àtẹ̀gùn ni. Mẹ́rìnlá ni, òun ti kà á.