Òkúta inú prostate: kí ni kí Bàbá máa jẹ, kí ni kí wọ́n máa mu?

Àbíkẹ́: Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá wa jẹ́ ẹni ọdún 62. Síkáànù fi hàn pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú prostate wọn, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, èyí tó tóbi jù jẹ́ mìlímítà 4. Dókítà ní kò gba iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n ṣáà máa mu omi dáadáa. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń sọ tiẹ̀: wọ́n ní wàrà ló ń di òkúta, wọ́n ní kí Bàbá yé jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti edé, ẹnì kan sì ti gbé àgbo wá pé yóò yọ́ òkúta náà. Bàbá ò fẹnu kan wàrà mọ́, wọn ò jẹ ẹ̀fọ́ mọ́, ìgbẹ́ wá ń le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń dìde tọ̀ lóru. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àbíkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ dá ẹ̀fọ́ padà sínú ìkòkò lónìí. Òkúta kíndìnrín ni àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn ní lọ́kàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ti kíndìnrín, inú ìtọ̀ ni calcium (èròjà tó wà nínú wàrà) àti oxalate (èròjà tó wà nínú àwọn ẹ̀fọ́ kan) ti ń dì papọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó rọra pẹ̀lú àwọn ẹ̀fọ́ kan.

Ti prostate yàtọ̀. Prostate ń ṣe omi kan tó ń bá àtọ̀ jáde. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, omi yìí máa ń há sínú àwọn ihò tín-ín-rín tó wà níbẹ̀, á ki, á dì. Bí ìtọ̀ bá ń padà wọ inú ihò wọ̀nyẹn, tàbí tí prostate ti ń wú fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn á dá kún un, calcium phosphate á wá lẹ̀ mọ́ ohun tó ti dì. Wàrà kọ́ ló gbé e débẹ̀, bí wọn ò bá sì mu wàrà títí ọdún mẹ́wàá, kò ní torí ẹ̀ kúrò. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára ọkùnrin tó ti kọjá 50, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ rárá àfi ìgbà tí síkáànù rí i. Bí kò bá yọni lẹ́nu, a kì í tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí oúnjẹ àti omi lè ṣe kò ju mẹ́ta lọ: kí ìtọ̀ má ki, kí àpò ìtọ̀ má máa ta, kí ìgbẹ́ má le. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí omi. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, mẹ́rin jẹ́ lítà 2. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin ló tó lójúmọ́, tí ẹ bá ka ògì àti tíì mọ́ ọn. Tí oòrùn bá mú tàbí tí wọ́n lọ sóko, ẹ fi kún un. Kí wọ́n mu ọ̀kan kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀kan kó tó di aago kan ọ̀sán, ọ̀kan kó tó di aago mẹ́rin, kí ìkẹrin sì tán kó tó di aago méje bó bá jẹ́ aago mẹ́wàá ni wọ́n ń sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Tí wọ́n bá da ọ̀rá méjì mu lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ni àpò ìtọ̀ á kún lójijì, wọn ò ní lè mú un mọ́ra. Ẹ wo àwọ̀ ìtọ̀ náà: bó bá rí bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi omi là, ó dára, bó bá pọ́n bíi tíì, omi ò tó.

Àwọn kan ń sá fún omi kí wọ́n má baà dìde lóru. Ìtọ̀ tó ki ló máa ń ta àpò ìtọ̀ jù, òùngbẹ ọ̀sán ò sì gbà wọ́n lọ́wọ́ òru. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, dókítà wọn nìkan ló lè sọ iye omi tí wọn yóò mu.

Olóúnjẹ: Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àbíkẹ́, ṣé Bàbá ń jẹ obì? Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á mọ́ ohun tó ń da ìtọ̀ láàmú, bẹ́ẹ̀ caffeine, èròjà tó ń lé oorun, wà nínú gbànja àti àbàtà bó ṣe wà nínú kọfí. Kí wọ́n fi obì, kọfí, tíì tó pọ́n, mínírà, àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, àti ọtí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìtọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu lé lórí, òun ni kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é.

Ata kì í ta gbogbo èèyàn lápò ìtọ̀. Tó bá ń ta Bàbá, rodo mẹ́fà tí ẹ ń lọ̀, ẹ fi méjì, kí ẹ fi tàtàṣé àti tòmátò kún un, ọbẹ̀ náà á ṣì pọ́n, á ṣì dùn. Ẹ dín iyọ̀ àti mágì kù nínú oúnjẹ alẹ́, torí òùngbẹ tó ń tẹ̀lé e ló ń di ìtọ̀ òru.

Ìgbẹ́ tó le yẹn ló ká mi lára jù. Ìfun ńlá tó gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn prostate gan-an ló wà. Bó bá kún, á ti prostate àti àpò ìtọ̀ síwájú. Bí wọ́n bá tún ń gin, ìrora abẹ́ náà á pọ̀ sí i. Ẹ fún wọn ní ẹ̀wà, ilá, ewédú, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ. Ọsàn ń kọ́: bí a ṣe máa ń fa omi rẹ̀ mu ká sì sọ háhá nù yẹn, ohun tó ń rọ ìgbẹ́ ni a ń sọ nù. Kí wọ́n bó o, kí wọ́n jẹ ẹran ara rẹ̀. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, inú á wú; ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà síbí mẹ́rin márùn-ún, kí ẹ máa fi kún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àìṣe bẹ́ẹ̀ háhá yẹn fúnra rẹ̀ á di ẹrù nínú ìfun.

Apòògùn: Àgbo yẹn, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Kò sí ewé tàbí egbò kan tí a mọ̀ pé ó ń yọ́ òkúta inú prostate. Bó bá sì jẹ́ ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ọtí ni Bàbá ń mu láràárọ̀. Fífi vitamin E ra ìlera prostate náà kò dára: ìwádìí SELECT ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2011 pé àwọn tó ń lo 400 IU lójúmọ́ ní jẹjẹrẹ prostate ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn. Èyí tó bá ní chlorpheniramine tàbí pseudoephedrine nínú lè dí ìtọ̀ pa pátápátá fún ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ti tóbi.

Ibi kan ṣoṣo wà tí wàrà ti ṣe pàtàkì. Bí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá fi kòkòrò hàn, tí dókítà sì kọ ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò, calcium inú wàrà máa ń so mọ́ oògùn náà, ara ò ní lè gbà á. Kí wọ́n lo oògùn náà ní wákàtí méjì ṣáájú wàrà, oògùn zinc, iron tàbí oògùn ọgbẹ́ inú, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á máa tọ́jú yín. Obì ni Bàbá fi ń ṣí ọjọ́! Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ nínú omi gbígbóná wúlò? Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọsàn wẹ́wẹ́ ń ran àwọn kan tó ní òkúta kíndìnrín lọ́wọ́. Kò ní nǹkan kan ṣe fún ti prostate, kíkan rẹ̀ sì lè ta àpò ìtọ̀. Ní ti ààwẹ̀, bí ara wọn bá le, kí wọ́n fi dàbínù àti omi ṣínu, kí wọ́n mu ọ̀rá méjì díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá kírun aṣálẹ́ tán, kí wọ́n mu ọ̀kan ní sàárì láìsí kọfí. Bí wọ́n bá ń lo oògùn kòkòrò ìtọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ààwẹ̀.

Ibà pẹ̀lú òtútù àti ìrora nígbà tí wọ́n ń tọ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí kí ìtọ̀ kọ̀ jálẹ̀ láti jáde: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí àtọ̀gbẹ náà ń fa ìtọ̀ òru, wọ́n á sì máa dá prostate lẹ́bi.

Kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ wá ife oníke tí wọ́n fàlà mìlílítà sí lára. Fún ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán tòru, ẹ kọ aago, ohun tí wọ́n mu àti iye rẹ̀, àti iye tí wọ́n tọ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà, àpò ìtọ̀ ni dókítà á wò. Bó bá jẹ́ òru nìkan ni ìtọ̀ ń pọ̀, á wá ìdí rẹ̀ síbòmíì. Ẹ mú ìwé náà lọ.