Kí ló dé tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti irin kò tíì lè fi èédú ilẹ̀ sílẹ̀?

Oníṣòwò Àkúrẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Sìmẹ́ńtì àti ọ̀pá irin ìkọ́lé ni mo ń tà ní Àkúrẹ́ níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ ìléru. Mo gbọ́ pé èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Kogi ni àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ń dá sínú iná wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá gáàsì tó ń ti Escravos lọ sí Èkó ń gba ìpínlẹ̀ Oǹdó wa kọjá, gáàsì náà ni wọ́n sì fi ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná ní Ọmọ́tóṣọ̀ọ́. Kí ló wá fà á tí wọ́n fi ń padà sórí èédú, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ jù? Ṣé èédú igi, tí àwọn ará wa ń sun ní ìgbèríko, kò lè rọ́pò rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn ní kíkún, nítorí àwọn ọmọ mi ń bi mí, n kò sì fẹ́ fi àbá lásán dá wọn lóhùn.

Àgbà Oníléru, Oǹdó:

Ẹ ṣeun, ìbéèrè yín ṣe pàtàkì. Kí òkúta ẹfun àti amọ̀ tó di kílíńkà, ìyẹn kóró líle tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pá ńlá gbọọrọ tó ń yí tọ̀sán-tòru ni ìléru náà, bí iná rẹ̀ bá sì kú lójijì, àwọn bíríkì tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ lè là, iṣẹ́ á sì dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń darí rẹ̀ fi máa ń bẹ̀rù gáàsì tó ń ṣe ségesège ju gáàsì tó wọ́n lọ. Ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ń kọlu àwọn ọ̀pá epo àti gáàsì ní Niger Delta, gáàsì wọ́n bí ojú, àsìkò yẹn gan-an sì ni Dangote fi èédú kún ohun tó ń sun ní Ọbájánà. Gáàsì tó ń gba ẹ̀yìnkùlé ẹni kọjá kò túmọ̀ sí pé yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni lójoojúmọ́.

Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Ká tiẹ̀ ní wọ́n rí ohun tí kì í mú èéfín wá rárá láti fi dá iná náà, òkúta fúnra rẹ̀ yóò ṣì máa tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, jáde. Nínú 100 kílò òkúta ẹfun tí kò ní àdàlù, nǹkan bí 44 kílò ló ń fò lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná bá mú un. Nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí ìléru sìmẹ́ńtì ń tú sí afẹ́fẹ́, èyí tó ju ìlàjì lọ ló ti ara òkúta wá, ìyókù ni ti iná. Mo fara mọ́ ọn pátápátá pé kí wọ́n fi èédú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún wa pé ìyẹn ti tó, apá kan ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ní ti ohun tí wọ́n lè máa sun, èésan, ìyẹn èèpo líle tó bo èkùrọ́, wúlò gan-an. Ní Ewékorò, wọ́n ń dà á sínú ìléru pẹ̀lú gáàsì. Ẹ̀yin tó mọ agbègbè Òkìtìpupa mọ bí ó ti máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́ èkùrọ́ tán.

Olùkọ́ Irin, Àkúrẹ́:

Ohun tí bàbá sọ nípa sìmẹ́ńtì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ti irin yàtọ̀. Nínú ìléru gogoro tí wọ́n ti ń yọ irin lára òkúta, iṣẹ́ èédú kò mọ sórí ooru. Irin tó wà nínú òkúta ti so mọ́ ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù inú èédú ló sì ń já ọ́síjìn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí tọ́ọ̀nù irin kan tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí fi ń mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì wá.

Kì í sì í ṣe gbogbo èédú ló tọ́ sí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yan án níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, títí yóò fi di kóòkù tó le tó láti gbé ẹrù òkúta irin láì fọ́. Èédú Enugu, tí wọ́n ti ń wà láti 1915, kò ṣe é yan di kóòkù. Ìléru gogoro ni wọ́n sì yàn fún Ajaókuta, nítorí náà èédú òkèèrè ni wọ́n ní láti gbójú lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni iléeṣẹ́ irin Aládjà gbà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982: gáàsì ni wọ́n fi ń já ọ́síjìn kúrò lára irin, iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé ọ̀nà tí ilẹ̀ òkèèrè ń sáré tẹ̀ lé lónìí ti wà lọ́wọ́ wa nígbà yẹn, tí a kò sì dì í mú.

Ní Sweden, ní 2021, wọ́n fi háídírójìn dípò gáàsì, omi ló sì jáde dípò èéfín. Iná tó ń gbà ló le: kílò kan háídírójìn láti inú omi ń jẹ nǹkan bí 50 kilowatt-wákàtí, tọ́ọ̀nù irin kan sì ń fẹ́ bí 50 kílò rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oníṣòwò, ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀pá irin tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà, irin àlòkù ni wọ́n fi iná mọ̀nàmọ́ná yọ́ láti fi ṣe é. Irú èyí kò nílò kóòkù rárá. Ẹ̀rọ tó ń mú iná náà wá ni kí ẹ máa béèrè nípa rẹ̀.

Ìyá Ìdànrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè nípa èédú igi kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni pé èédú igi ni àwọn baba ńlá wa fi ń yọ irin, òun náà sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí Abraham Darby fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo kóòkù ní 1709. Brazil ṣì ń fi í ṣe irin títí di òní, ṣùgbọ́n oko igi eucalyptus tí wọ́n gbìn fún un ni wọ́n ń gé, ìléru wọn sì kéré, nítorí èédú igi kò lágbára láti gbé ẹrù púpọ̀. Níhìn-ín, igbó ọba ni wọn yóò kọjú sí. Ẹ wo igbó ọba Olúwa, ti Ìdànrè àti ti Àkúrẹ́-Òfósù, bí àwọn agégẹdú àti oko kòkó ti ń jẹ wọ́n. Bí ìléru bá dara pọ̀ mọ́ wọn, kí ni yóò kù?

Gáàsì tí ẹ ń yìn náà, inú ilẹ̀ ló ti wá. Fún ìwọ̀n ooru kan náà, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí ó ń mú wá fi díẹ̀ ju ìlàjì ti èédú lọ. Ó sàn jù, ṣùgbọ́n kò mọ́.

Oníṣòwò Àkúrẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo gbà pẹ̀lú Màmá lórí igbó wa. Bàbá, tí òkúta bá ni ìṣòro náà, ǹjẹ́ wọ́n lè dín in kù nínú sìmẹ́ńtì?

Àgbà Oníléru, Oǹdó:

Wọ́n lè dín in kù. Màmá, mo gba ti gáàsì náà. Ìrètí mi wà nínú amọ̀ funfun tí à ń pè ní kaolin, irú èyí tó wà ní Ìjẹrò-Èkìtì. Ooru bí 800 ti tó láti sun ún, omi nìkan ló sì ń jáde lára rẹ̀. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ òkúta ẹfun tí wọn kò sun, kílíńkà lè dín kù sí ìlàjì àpò, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì sì lè fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín kù. Ní Tema, ní Ghana, wọ́n ti kọ́ ìléru ńlá fún irú amọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ara àpò tí ẹ ní ní ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí wọ́n bá kọ CEM II sí, ìyẹn àmì sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò díẹ̀ nínú kílíńkà rẹ̀, lẹ́tà L tó tẹ̀ lé e ń sọ pé wọ́n ti fi òkúta ẹfun tútù rọ́pò díẹ̀ nínú kílíńkà. Bí A bá wà níwájú L, ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Bí ó bá jẹ́ B, ó lè tó 35. Lẹ́tà Q ni wọ́n yàn fún amọ̀ sísun. Bí irú rẹ̀ bá dé ọjà Àkúrẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i.