Ìdí màmá mi ṣú, ó sì gbóná

Ìbéèrè: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, màmá mi ò lè yí ara wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìdí wọn ṣú lónìí, ó sì gbóná. Ṣé kí n fi ìpara ra á?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má ra á o! Ẹ pe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù báyìí. Egungun ló ń tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ráyè débẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tèmi, wákàtí 2-2 la máa ń yí àwọn aláìsàn tí ò lè yí ara wọn padà. A kì í wọ́ wọn, ńṣe là ń gbé wọn. Ìrọ̀rí á wà lábẹ́ ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má bàa kan bẹ́ẹ̀dì.

Olùbéèrè: Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ti wá. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ká jọ sábẹ́ màmá mi, ó tutù rinrin.

Nọ́ọ̀sì: Háà! Ọ̀rinrin náà wà lára ohun tó ń ba ara jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa yẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà wò lóòrèkóòrè.