Àbọ̀ ọ̀rọ̀ afárá igbó ìlú wa

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹ ó rántí pé kí òjò tó dé, mo bèèrè ohun tí a lè ṣe sí afárá onípákó tó wọ inú igbó tí ìlú wa dá sí, lẹ́bàá Kàbà níbí. Ikán ti jẹ ẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ìyá kan jìn sí i.

A ti tún un ṣe! Ẹni tó ní ká má jẹ́ kí igi fara kan ilẹ̀ mọ́ ló là wá lójú: a da kọnkéré sí bèbè méjèèjì, a gbé e ga ju ibi tí omi máa ń kún dé, a wá tẹ́ pákó ìrókò lé irin. A ṣe ibi ìdìmú sí i fáwọn àgbà.

Lánàá, ìyá yẹn dá kọjá. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé gan-an ni.